Irú àti Espèce: Ìtàn Ìpínsísọ̀rí Ohun Alààyè Lójú Kristẹni, Láti Ọjà Sokodé

1. Ìfáàrà

Orí ọ̀rọ̀ kan àti irúgbìn kan ni iṣẹ́ yìí dá lé. Ọ̀rọ̀ náà ni irú. Irúgbìn náà ni ẹ̀wà kékeré kan tó ń so sábẹ́ ilẹ̀, tí àwọn obìnrin ń gbìn lágbègbè wa, tí ìwé àwọn onímọ̀ ewéko sì ń fi orúkọ ará Jámánì kan pè. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn kò gùn: nígbà tí wọ́n bá ní ohun méjì jẹ́ irú kan náà, tàbí pé irú wọn yàtọ̀, ta ló pín wọn bẹ́ẹ̀? Ṣé Ẹlẹ́dàá ni, àbí ọmọ èèyàn?

Ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni mo lọ láti kékeré. Ní Sokodé, nígbà tí mo wà ní girama, Bíbélì Faransé tí a ń kà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn sọ pé Ọlọ́run dá igi àti ẹranko, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú espèce tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà, olùkọ́ ìmọ̀ ohun alààyè kọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, espèce, sójú pátákó, ó sì sọ fún wa pé espèce máa ń yí padà, pé òmíràn máa ń ti ara òmíràn jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé a gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, kí á ju ìkejì nù. Ọ̀rẹ́ mi kan kò wá sí ilé ìjọsìn mọ́. Ọ̀rẹ́ mi mìíràn, tó mọ̀wé jù mí lọ, kọ̀ láti ka ìmọ̀ ohun alààyè ní yunifásítì nítorí pé ẹ̀rù ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń bà á.

Ní ilé wa ní Kambolé, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti pọ̀ ju Kristẹni lọ, Bíbélì Yorùbá kan wà tí ìyá mi rà ní Ìbàdàn nígbà tó ń ṣòwò lọ sí Nàìjíríà. Irú ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú tiwọn. Ó pẹ́ kí n tó fura pé irú àti espèce kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, àti pé ìjà tó tú àwa ọ̀rẹ́ ká lè jẹ́ ìjà èdè ju ìjà ìgbàgbọ́ lọ.

2. Ọ̀rọ̀ kan, èdè márùn-ún

Nínú orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì, ọ̀rọ̀ Hébérù kan ṣoṣo, mîn, ni òǹkọ̀wé náà ń lò léraléra fún ewéko, ẹja, ẹyẹ àti ẹran. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríìkì pè é ní genos. Nígbà tó dé inú Bíbélì Látìn, ọ̀rọ̀ kan náà di méjì: níbì kan wọ́n kọ genus, níbòmíràn wọ́n kọ species. Kò jọ pé ìyàtọ̀ kankan wà láàárín méjèèjì lọ́kàn ẹni tó túmọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ ewéko mú ọ̀rọ̀ méjèèjì, wọ́n sọ wọ́n di ipò méjì: genus di agboolé ńlá, species di àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Gbòǹgbò àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ìbí ni genus ti wá. Ìrísí ni species ti wá, ìyẹn ohun tí ojú rí. Species yìí ló di espèce ní Faransé. Ọmọ tó bá ń ka Faransé ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó dá lórí ìrísí, ó ń gbọ́ ọ ní ilé ìjọsìn àti ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé iṣẹ́ tó ń ṣe níhìn-ín kọ́ ló ń ṣe lọ́hùn-ún.

Yorùbá gba ọ̀nà mìíràn. Bíbélì Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, lo irú. A mọ̀ pé irú lè túmọ̀ sí oríṣi. Ṣùgbọ́n irú náà ló wà nínú irúgbìn, ohun tí a ń gbìn kí ó lè hù. Òun náà ló wà nínú irú-ọmọ, tí Bíbélì kan náà lò fún àwọn tó ti ara Ábúráhámù jáde. Ẹni tó bá ń gbọ́ irú ní Yorùbá ń gbọ́ oríṣi, ó sì ń gbọ́ ìran lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò sọ pé Crowther ń ro ìmọ̀ ewéko nígbà tó mú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo sọ ni pé èdè rẹ̀ fún un ní ọ̀rọ̀ tó bójú mu ju èyí tí Faransé ní lọ.

Ó yẹ kí á rántí pẹ̀lú pé Bíbélì fúnra rẹ̀ kì í pín nǹkan lọ́nà kan ṣoṣo. Ìwé Léfítíkù wo pátákò, ó wo àpọ̀jẹ, ó wo ìpẹ́ ara ẹja, ó sì ka àdán mọ́ ẹyẹ. Ohun tí èèyàn lè jẹ àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ ni ìwé náà ń pín, kì í ṣe ìran. Ẹni tó bá fi àdán yẹn ṣẹ̀fẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń pín. Ẹni tó bá sì fi gbèjà pé ẹyẹ ni àdán kò mọ̀ ọ́n bákan náà.

3. Ọmọ alágbẹ̀dẹ àti ọmọ pásítọ̀

John Ray (1627–1705) ni ẹni àkọ́kọ́ tó fún irú ní ìtumọ̀ tí onímọ̀ lè lò. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ní Black Notley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ní 1660. Ní 1662 ó pàdánù ipò rẹ̀ ní Cambridge nítorí pé kò fẹ́ ṣe ìbúra tí òfin tuntun béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ewéko àti ẹranko ló gbájú mọ́.

Nínú ìwé rẹ̀ Historia Plantarum, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1686, ó béèrè ohun tí a ó fi dá irú mọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí ẹlẹ́rìí tó dájú tó irúgbìn: ohun tó bá hù láti inú irúgbìn ewéko kan náà, irú kan ni, bó ti wù kí àwọ̀ tàbí gíga wọn yàtọ̀ tó. Òdòdó pupa àti òdòdó funfun lè jẹ́ ọmọ ìyá kan. Níhìn-ín Ray fi ojú sílẹ̀, ó tẹ̀ lé ìran. Ẹni tó kọ ìwé lórí ọgbọ́n Ọlọ́run nínú ìṣẹ̀dá ní 1691 ni, kò sì rí ìdí tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kó yẹ irúgbìn wò.

Carl Linnaeus (1707–1778), ọmọ pásítọ̀ Lútérù ní Swídìn, ló fún wa ní orúkọ alápá méjì tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1753 ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ewéko. Èyí tó jáde ní 1758 ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹranko. Nígbà èwe rẹ̀, ó kọ́ni pé iye irú tó wà láyé ni iye tí Ọlọ́run dá ní ìbẹ̀rẹ̀, pé kò sí tuntun. Ṣùgbọ́n wọ́n mú ewéko kan wá fún un, tó jọ èyí tó ti mọ̀ ní gbogbo ọ̀nà àfi òdòdó rẹ̀. Ó kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1744, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Nígbà tó dàgbà, ó gbà pé ìwọ̀nba díẹ̀ lè jẹ́ ti àtètèkọ́ṣe, kí àwọn yòókù sì ti ara wọn jáde. Kristẹni ló jẹ́ kó tó yí èrò rẹ̀ padà, Kristẹni náà ló jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Èrò yìí kò ṣàjèjì nínú ìjọ. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà (354–430), ti kọ́ni pé Ọlọ́run fi àwọn okùnfà tó dà bí irúgbìn sínú ohun tó dá, kí nǹkan lè hù jáde nígbà tí àkókò wọn bá tó. Nígbà tí Darwin gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1859, tó sì sọ pé ìran ni ìpínsísọ̀rí tòótọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, Asa Gray, onímọ̀ ewéko ní Harvard tó jẹ́ Kristẹni Presbyterian, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbèjà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1950, Póòpù Pius Kejìlá kọ̀wé pé ìjọ kò dí àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti ṣèwádìí bóyá ara èèyàn ti ara ohun alààyè mìíràn wá. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Sokodé di dáyósíìsì. Nítorí náà, kí àwa tó dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti yanjú púpọ̀ nínú ìjà tí wọ́n ní kí á jà.

4. Ibi tí olùpín ti ṣìnà

Mi ò fẹ́ kí òǹkàwé rò pé ẹni mímọ́ ni gbogbo àwọn tí mo dárúkọ. Nínú ìwé 1758 yẹn kan náà, Linnaeus pín ọmọ èèyàn sí ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì gẹ́gẹ́ bí kọ́ńtínẹ́ǹtì àti àwọ̀ wọn, ó sì fi ìwà kún un. Ó ní òfin ló ń ṣàkóso ará Yúróòpù. Ó ní ọ̀lẹ ni ará Áfíríkà, pé ohun tó bá ṣáà wù ú ló ń ṣe. Ray ti kìlọ̀ pé àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ìjọ tí Linnaeus ń lọ ń kọ́ni pé irú-ọmọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa. Ó gbójú fo méjèèjì, ó padà sí ìrísí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àléébù kékeré. Ó fi hàn pé ẹni tó ń pín nǹkan lè gbé ẹ̀tanú ara rẹ̀ sínú ìpín, kí ó sì pè é ní ìṣẹ̀dá Ọlọ́run.

Èèyàn kan wà ní ìgbà ayé rẹ̀ tó gba ọ̀nà mìíràn. Michel Adanson, ará Faransé, dé Senegal ní 1749. Ó kọ́ Wolof, ó sì ń kọ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe igi wọn sílẹ̀. Linnaeus mú orúkọ rẹ̀, ó fi sọ igi oṣè ní Adansonia. Adanson kò tẹ́wọ́ gbà á; baobab ló ń bá a lọ láti máa pè é nínú ìwé tirẹ̀. Òfin ìsọlórúkọ kò gbọ́ tirẹ̀. Adansonia ni oṣè ń jẹ́ nínú ìwé títí di òní.

5. Ẹ̀wà tó ń jẹ́ orúkọ ajẹ́lẹ̀

Láti 1884 títí di 1914 ni Jámánì fi wà ní Tógò. Ajẹ́lẹ̀ tó ṣàkóso Sokodé àti Bassari ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ogún ni Kersting. Oníṣègùn ni, ọmọ ogun rẹ̀ ló sì tẹ àwọn Kabiyè lórí ba. Ní àsìkò náà, ewéko láti Tógò ń lọ sí Berlin ní gbígbẹ, nínú bébà, kí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ lè fún wọn ní orúkọ.

Ní 1908, Hermann Harms ní Berlin ṣàpèjúwe ẹ̀wà kan láti Tógò. Òdòdó rẹ̀ ń yọ nítòsí ilẹ̀, lẹ́yìn náà igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á ti ọmọ náà wọnú ilẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gbó. Harms pè é ní Kerstingiella geocarpa: Kerstingiella nítorí ajẹ́lẹ̀ náà, geocarpa nítorí pé inú ilẹ̀ ni èso rẹ̀ wà. Ní 1910, Auguste Chevalier, ará Faransé, rí i ní Dahomey, ó kà á mọ́ agboolé voandzou, ó sì sọ ọ́ ní Voandzeia poissonii. Òfin ni pé orúkọ tó bá ṣíwájú ló ń dúró, nítorí náà ti Harms borí. Ní 1977, Maréchal àti Baudet ní Belgium yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí i pé agboolé Macrotyloma ló ti wá, níbi tí ẹ̀wà kan tí wọ́n ń jẹ ní Íńdíà wà. Láti ìgbà náà, Macrotyloma geocarpum ni. Orúkọ ajẹ́lẹ̀ kúrò nínú Látìn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pè é ní ẹ̀pà Kersting.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Láàárín ọdún 69, ewéko kan gba orúkọ mẹ́ta, ó sì gbé nínú agboolé mẹ́ta. Ẹ̀wà náà kò yí padà. Ọmọ èèyàn ló ń tún ìpín rẹ̀ ṣe, ó sì yẹ kí ó tún un ṣe, nítorí pé tí 1977 bójú mu ju tí 1908 lọ. Bí ìpín náà bá jẹ́ ti Ọlọ́run ní tààrà, àtúnṣe yẹn ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òdì. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ni, ó sì ṣeé tún ṣe.

Ìwé ìrántí náà kò sì lágbára tó bí a ṣe rò. Ní oṣù kẹta 1943, bọ́ǹbù já lu ilé ewéko gbígbẹ ní Berlin, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà níbẹ̀ sì jóná. Ohun tí kò jóná ni ẹ̀wà tí àwọn obìnrin ní Tógò àti Dahomey ń gbìn lọ́dọọdún.

6. Ní ọjà Tchamba

Mo bá ìyá àgbà kan pàdé ní ọjà Tchamba, ará Kambolé ni. Ó kó ẹ̀wà yìí sínú igbá: funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bi í pé, “Ìyá, ṣé ẹ̀pà lẹ̀ ń tà yìí?”

Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀pà máa ń yọ òróró. Ta ló rí òróró nínú èyí rí? Ẹ̀wà ni. Ojú ló ń tì í tó fi ń so sábẹ́ ilẹ̀.”

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ya funfun sọ́tọ̀. Ó ní owó ni. “Ẹni tó fẹ́ funfun kò fẹ́ dúdú. Ṣùgbọ́n nínú oko, ọmọ ìyá kan ni wọ́n.”

Kò ka ìwé Ray rí, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ Maréchal àti Baudet. Ohun tí 1686 fi kọ́ni ló sọ nípa àwọ̀; ohun tí 1977 rí ló sọ nípa ẹ̀wà. Ohun tí ìyá mọ̀ nípa ìsè àti oko ló fi dé ibẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀pà Kersting ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, mo sì ṣàlàyé ẹni tí Kersting jẹ́. Ó bi mí bóyá ọkùnrin náà gbìn ín rí. Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ló mú mi kọ iṣẹ́ yìí. Ó ní àwọn ọmọ òun kò gbìn ín mọ́: iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, èso rẹ̀ kéré, àgbàdo àti sóyà ló ń mówó wá. Bí kò bá sí ẹni tó gbìn ín mọ́, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wà nínú ìwé, kò sì ní sí ohun tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ fún.

7. Àgbálọgbábọ̀

Mo padà sí ìbéèrè mi. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, Ẹlẹ́dàá ló dá irú. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan orúkọ, ó kó àwọn ẹran wá sọ́dọ̀ Ádámù, ó ń wo ohun tí yóò pè wọ́n. Kò sọ orúkọ náà fún un. Ìtàn tí mo sọ yìí fara mọ́ ìyàtọ̀ náà. Irú, gẹ́gẹ́ bí ìran tó ń ti inú irúgbìn dé inú irúgbìn, kì í ṣe ọwọ́ wa ló dá a. Ìpín àti orúkọ, ọwọ́ wa ni, a sì máa jíhìn fún wọn. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò gbèjà orúkọ bí ẹni ń gbèjà Ọlọ́run, tàbí kó ju Ọlọ́run nù nítorí pé wọ́n pààrọ̀ orúkọ.

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ irú kò lè yanjú ohun gbogbo. A máa ń sọ pé “irú èèyàn wo nìyí?” láì ro ìran rárá. Irúgbìn tí Ray fi ṣe ẹlẹ́rìí kò sì wúlò tó fún iṣu, tó jẹ́ pé èbù la ń gbìn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá rán wa létí ìran sàn ju èyí tó rán wa létí ojú nìkan, pàápàá fún àwa tí wọ́n ti fi ojú pín rí.

Ohun méjì ni mo dábàá. Èkíní, kí àwọn tó ń kọ́ni ní Kambolé, Tchamba àti Sokodé, ní ilé ìjọsìn àti ní ilé ìwé, máa sọ fún àwọn ọmọ pé espèce inú Bíbélì àti espèce inú ìmọ̀ ohun alààyè kì í ṣe ọ̀kan náà, kí wọ́n sì fi irú ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó gbọ́ Yorùbá. Èkejì, kí ẹ̀ka wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀wà yìí sílẹ̀ lédè Kambolé, Tem àti Akaselem, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sè é, àti àwọn tó ń gbìn ín, kí á sì tọ́jú irúgbìn rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ náà. Mo ti ra igbá kan lọ́wọ́ ìyá náà, funfun àti dúdú. A ó gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀.